Orin Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Gbè

Òórùn bísíkíìtì ló máa ń jí wa ní Joju. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ wá láti ìhà iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pín in kárí. Ẹ̀kọ àti àkàrà ló sì ń dúró dè wá nílé o! Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ta sánsán láàárọ̀ Jímọ̀ tí ìyá bàbá mi wá láti mú mi lọ.

Mo ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, n kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rí. Ẹ má wulẹ̀ káàánú mi. Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí n kò gbọ́. Àwọn àgbà ṣáà gbà pé ẹni tí kò fọhùn kò létí, iwájú mi ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ mi. Iwájú mi náà ni ìyá bàbá mi, tí à ń pè ní Ìyá Àtàn nítorí pé Àtàn ni wọ́n ń gbé, ti sọ fún bàbá mi pé, "Ìdí ahọ́n ọmọ yìí ló so. Bí kò bá fọhùn kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, màá mú un lọ sílé, kí wọ́n fi abẹ gé e." Bàbá mi ò lè bá ìyá wọn jiyàn. Aránṣọ ni màmá mi, abẹ ni wọ́n fi ń tú ojú ìránṣọ tó bá wọ́, nítorí náà mo mọ ohun tí abẹ ń ṣe. Ẹ̀rù bà mí wọ eegun.

Màmá mi ní tiwọn ti gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn lọ́nà Ilo-Awela. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ yẹ etí mi wò, ó ní ó gbọ́ràn dáadáa. Ó ní kí wọ́n máa kọ orin kúkúrú fún mi, kí wọ́n lé e, kí wọ́n wá dákẹ́ kí èmi fúnra mi gbè é. "Ẹ má bá a gbè é o, Ìyá Múníra. Ẹ fún un láyè." Ni màmá mi bá dá orin kan sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ wọn. Wọ́n á ní, "Ta ló jẹ ẹ̀kọ yó?" Ègbè rẹ̀ ni, "Èmi ni!" Wọ́n á ní, "Ta ló wọ bàtà pupa?" "Èmi ni!"

Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ta ló ń lé orin láàárín ọmọ Yorùbá kí wọ́n máa wò ó níran? Ilé oníyàrá mẹ́jọ! Ìyá Tósìn, aládùúgbò wa tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, á gbè é láti ilé ìdáná. Bàbá onílé á gbè é níbi tí wọ́n ti ń ṣàlùwàlá. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti gbà á lẹ́nu mi.

Bí màmá mi ṣe ṣòfin nìyẹn, pé ẹni tó bá tún gbè é ni yóò fọ balùwẹ̀. Ìyá Tósìn fọ balùwẹ̀ títí ó fi sú wọn. "Ìyá Múníra, ẹ ṣàánú mi, ahọ́n ló ń yún mi!" Màmá mi ní, "Ẹ bu iyọ̀ sí i." Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi wọ́n pé títí dìgbà wo, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Jímọ̀ pé, Ìyá Àtàn dé. Wọ́n ti kó aṣọ mi sínú báàgì. Màmá mi ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún kọ orin rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i." Wọ́n lé e, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́. Ìyá Àtàn ò mọ̀ nípa òfin kankan, wọ́n la ẹnu, ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbè é. Ìyá Tósìn fò dìde, wọ́n fi ọwọ́ bo ìyá àgbà lẹ́nu! "Ẹ forí jì mí, mà, nítorí balùwẹ̀ ni!"

N kò fọhùn. Omi ti lé sójú màmá mi, àmọ́ wọn ò dákẹ́, wọ́n kàn yí orin náà padà: "Ta ló ń bá Ìyá lọ Àtàn?"

Mo wo báàgì. Mo wo abẹ tó wà lórí ẹ̀rọ.

"Èmi kọ́!"

Ohùn náà ga débi pé ó ba èmi gan-an lẹ́rù. Ìyá Tósìn kígbe "Jésù!", màmá mi ń ké "Alihamudulilai!", wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún. Ìyá Àtàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ahọ́n tó mọ̀ ọ́n kọ̀, kí la tún fẹ́ gé lábẹ́ rẹ̀?" Àwọn nìkan ni wọ́n padà sí Àtàn.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ya lẹ́nu mi bí omi láti ọjọ́ náà o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde, orin ló sì ń fà wọ́n, mo ti wọ iléèwé kí n tó sọ gbólóhùn tó délẹ̀. Lónìí, ọjà ni mò ń bá iléeṣẹ́ kan tà lọ́nà Ìdíròkò, ẹnu ni mo fi ń jẹun. Ọkọ mi a máa bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí etí òun sinmi. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, tí inú mi ò sì dùn sí i rárá, "Ó dára, sà" ni mo sọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn ní láyé, ó sì mọ ibi tó yẹ kó lò wọ́n.