Orúkọ Bàbá Onílé Wa Nínú Àròkọ Mi

Mo rántí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe gbẹ mọ́ sìmẹ́ǹtì àgbàlá wa ní Òkè-Afá, tí òjò rọ̀ sí i tí kò ṣí. Ẹ̀jẹ̀ bàbá onílé wa ni. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Èkìtì, tí òótọ́ kì í há lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bàbá kò ra èké rí.

Yunifásítì ni mo wà nígbà náà, ọgbọ́n sì ń pa mí bí ọtí. Mò ń kọ àròkọ lórí ìjà àwọn ọmọ ìta àdúgbò wa. Bàbá yìí ló ròyìn fún mi bí wọ́n ṣe fi àáké la orí ọmọkùnrin kan lójú rẹ̀ ní Àìlégún, ó sì dárúkọ ẹni tó di àáké náà mú. Olùkọ́ mi fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé, "Ta ló sọ ọ́? Kọ orúkọ rẹ̀." Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń tọ́ka sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀, orúkọ ìdílé àti ọdún nìkan ni wọ́n máa ń kọ. Èmi kọ̀. Ṣé èmi ni màá pe àgbàlagbà lórúkọ bí ẹgbẹ́ mi? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí o! Mo bá kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: Alàgbà, orúkọ rẹ̀ látòkèdélẹ̀, tíṣà àgbà tẹ́lẹ̀ rí, onílé géètì aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìta náà ń ṣáájì fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo ti lọ tẹ àròkọ náà jáde. Òun ló kọ́kọ́ mú ìwé náà lórí ẹ̀rọ. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tiẹ̀ júwe ilé."

Mo sáré títí, àmọ́ ọ̀kadà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gùn. Kí n tó délé, wọ́n ti já géètì lulẹ̀. Pákó ni wọ́n fi dá Bàbá lápá, àfọ́kù ìgò ni wọ́n fi fọ́ ojú òsì rẹ̀. Mo ké títí ohùn mi fi há, ará àdúgbò kankan kò jáde.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, màá yọ orúkọ yín kúrò."

Ojú kan tó kù ló fi wò mí.

"Kí lo fẹ́ yọ? Ṣé kí ojú mi fọ́ lásán ni? Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Géètì nìkan ni kí o yọ."

Bàbá ti lọ báyìí. Èmi náà ti di olùkọ́, èmi náà ń fi bírò pupa béèrè ẹni tó sọ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ibi tí ẹni náà ń sùn, kí n lè mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ lè pa á lára. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mò ń ṣe àṣejù. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ Bàbá lórí sìmẹ́ǹtì yẹn, kò sì mọ́.