Àga Mẹ́rin, Yàrá Méjì

Ọdún tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n tún san àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan pọ̀ mọ́ ọn, ilé ò gbà wá, ọ̀nà ò gbà wá ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹnìkan ládùúgbò wa ra fíríìjì nígbà tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Aṣọ ọmọ ló ń kó sínú rẹ̀. Àwa náà ní àga kúṣìn la máa rà. Ṣùgbọ́n kí owó ọ̀hún tó dé ọwọ́ ọkọ mi, ìròyìn rẹ̀ ti dé etí káfíńtà, iye àga sì ti di ìlọ́po méjì. Gàárì gbówó lórí. Lánlọ́ọ̀dù náà kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sẹ́yìn, ó fi kún owó ilé.

Bí èmi àti ìyàwó télọ̀ tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ṣe dáwó jọ nìyẹn, tá a ra àga mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀sẹ̀ tiwa, ọkọ mi á gbé ẹsẹ̀ léra wọn lórí àga bí ọ̀gá báǹkì, á ní kí n gbé omi wá fún òun, bẹ́ẹ̀ sì rèé omi wà nítòsí rẹ̀.

Ṣé mo wá lè pa á mọ́ra? Mo kọ̀wé sí ìyá mi n'Íbàdàn pé a ti ra àga. Mi ò kọ ọ́ pé àwa àti ta ni. Ìyá mi kò fẹ́ràn ọkọ mi. Ó ní akọ̀wé tí kò rí àga fún àlejò jókòó, báwo ló ṣe máa bọ́ ọmọ òun? Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí gan-an, torí mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì.

Àfi bí ìyá mi ṣe dé lọ́sàn-án Sátidé kan láìsọ tẹ́lẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀ ìyàwó télọ̀. Ó wo yàrá yíká.

"Àga dà?"

"Káfíńtà ló kó wọn lọ, mà. Ó fẹ́ pààrọ̀ fóòmù wọn ni." Irọ́ náà yọ̀ lẹ́nu mi bí ọbẹ̀ ilá.

Mi ò mọ̀ pé ìyàwó télọ̀ ti gbóhùn àlejò. Ó ní àlejò tirẹ̀ nílé o, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n dìde, ni òun àti ọkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wọlé wá.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ má bínú, àwa la yá àga ọmọ yín lò," ni ìyàwó télọ̀ wí.

Ìyá mi wo télọ̀ látòkè délẹ̀. "Ṣé káfíńtà nìyí?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó sí i. Ọkọ mi tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ló dìde, tó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Àwa àti àwọn la jọ dáwó rà á. Apá wa nìkan kò ká a."

Ìyá mi na ọrùn wo òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí àwọn àlejò télọ̀ tí wọ́n ń wá ẹní tẹ́. Ó di ẹ̀gbẹ́ àga kan mú.

"Méjì ti tó wa jàre. Wá bá mi gbé èyí padà fún wọn, ọmọ mi."

Ọkọ mi ló ń bá sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é ní ọmọ sì nìyẹn. Èmi tó fi inú ara rẹ̀ bí, kò pè mí ní nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú.