Ìdánwò Onígun Mẹ́ta Ọmọ Mi

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Bẹ́yẹrúnká, nílùú Ìbàdàn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kan igi òrùlé ní onígun mẹ́ta, kò sì tíì sí èyí tó já lé ẹnikẹ́ni lórí. Ṣùgbọ́n kí ni mo mọ̀? Tíṣà ọmọ mi ló mọ̀wé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni iléèwé wọn fẹ́ mú lọ síbi ìdíje ìṣirò. Ọmọbìnrin mi ì bá ti wọlé tààrà, àfi bó ṣe pàdánù máàkì kan nínú ìdánwò, tí òun àti ọmọ mìíràn wá gba iye kan náà. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wá tún un ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mo ní kó mú ìwé ìdánwò ọ̀hún wá. Wọ́n bi í bóyá onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba wà lára àwọn tó ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dọ́gba. Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ya òbìrí roboto kékeré sínú òbìrí ńlá láti fi hàn pé ọ̀kan wà nínú èkejì. Tíṣà fi bírò pupa fagi lé e, ó ya òbìrí méjì tí wọn ò kan ara wọn rárá, àfi bí orogún tó ń bára wọn jà.

Mo kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó gùn dọ́gba pọ̀ ní onígun mẹ́ta, ó di iléèwé.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ bá mi wọn ẹ̀gbẹ́ méjì."

Ó wọ̀n ọ́n. "Wọ́n dọ́gba."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Òun náà dọ́gba."

"Ẹni tó bí ọmọ mẹ́ta, ṣé kò tíì bí méjì ni? Ọmọ àdúgbò Ìsàlẹ̀ Òsì ni yín, sà. Ṣé ẹ kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn mọ́ nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká fiṣẹ́ sílẹ̀ fóníṣẹ́."

Ẹ kú làákàyè o, ọ̀gá oníṣẹ́! Inú bí mi, mo gbé igi mi, mo kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo kìlọ̀ fọ́mọ mi pé òótọ́ ni kó kọ, ohun tó bá fẹ́ kó dà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sáré wọlé: òun ni wọ́n mú! Mo fò sókè, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó la tíṣà lójú. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òbìrí méjì ló yà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tíṣà sì fún un ní máàkì rẹ̀ pé.

"Kí lo kọ yìí? Èwo ni òótọ́?"

Ó wò mí tàánútàánú.

"Bàbá mi, èwo lẹ fẹ́ gbọ́, tilé ni àbí tiléèwé?"