Ẹni Tó Sín Bàbá Àgbà Jẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀rín àwọn obìnrin ilé ló máa ń jí mi láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ilé wa wà nítòsí Old Market, kò jìnnà sétí Odò Ọya, níbi tí èèyàn ti lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó gbọ́ èdè Núpé, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Haúsá kí omi ọbẹ̀ tó hó. Ọmọ Yàgbà ni bàbá mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Lọ́kọ́ja. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó àbúrò náà ń bá wa gbé. Nígbà tí ojú Bàbá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, bàbá mi lọ kó òun àti Ìyá Àgbà wá láti ìlú wa ní Yàgbà.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi yìí là ń pè ní Ìyá Kékeré. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá irú rẹ̀ láyé. Nílé wa, ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Òun ni yóò wá orúkọ tí yóò máa pè é, inú ohun tó bá sì rí lára onítọ̀hún ni yóò ti yọ ọ́. Nítorí awò ojú tí bàbá mi ń lò, "Àkọ̀wé-ò-ríran" ni Ìyá Kékeré ń pè é, lójúkojú, lórí ìkúnlẹ̀, tòun ti àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Bàbá mi tó jẹ́ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń sá fún, yóò kàn gba oúnjẹ náà, yóò máa rẹ́rìn-ín sínú. Èmi náà ti wà nílẹ̀ kó tó dé, mo sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, "Abẹ́rẹ́" ni tèmi. Ẹ̀tọ́ ìyàwó ni, kò sẹ́ni tó ń bínú sí i.

Bàbá Àgbà àti Ìyá Àgbà náà ní tiwọn. Bàbá Àgbà kì í wọ iyàrá láìkọ́kọ́ húkọ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀, ṣáà, ṣáà, ọ̀pá rẹ̀ a sì máa dún tẹ̀lé e. Bí oúnjẹ bá ti pẹ́ díẹ̀, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, yóò húkọ́, yóò ní, "Ṣé iṣu náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ gbìn?" Ìyá Àgbà kò ní gbójú sókè. Yóò ní, "Ó ti ta o. Ẹ̀yin la ń retí kí ẹ wá wa á." Ojoojúmọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìdáhùn kan náà, àwa ọmọdé a sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Àsìkò òjò ni Bàbá Àgbà kú. Ọ̀nà ìlú ti bàjẹ́, ọkọ̀ kò lè gba ibẹ̀, Lọ́kọ́ja ni wọ́n sì sin ín sí. Ká ní ìlú ni, lẹ́yìn ìsìnkú arúgbó, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ni yóò wọ aṣọ olóògbé, yóò sín in jẹ níwájú gbogbo ẹbí: ìrìn rẹ̀, ohùn rẹ̀, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń bínú. Bí ẹbí bá ti rẹ́rìn-ín tán ni wọ́n tó ń gbà pé ó ti lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi kọ̀. Ó ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ń wọlé wọ̀de, òun kò fẹ́ kí wọ́n bá ìranù nínú ilé òun. "Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún òkú," ló wí. Ìyá Kékeré kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Ọ̀wọ̀ náà wá pọ̀ jù. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú wa á kí wa ní èdè ìlú pé, "Òkun o, òkun o," wọ́n á jókòó, wọ́n á tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyàwó apẹja Núpé tó wà ní ilé kejì, tí òun àti Ìyá Àgbà máa ń fi eré bú ara wọn lórí ẹja lójoojúmọ́, òun náà dé. Ó fi Haúsá ní, "Sai hàkúrí," pé ká ṣáà ní sùúrù, ó gbé ẹja sílẹ̀, ó lọ láìṣàwàdà kankan. Ìyá Àgbà kò sunkún. Kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé iwájú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò tutù sí. Ògì lásán ni ìyá mi ń fi ṣíbí fún un, èyí tó sì ń wọlé kò tó nǹkan. Ọrùn rẹ̀ ń tínrín lójú wa. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ fún bàbá mi pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, a óò tún ilẹ̀ gbẹ́ láìpẹ́. Bàbá mi ní ká máa gbàdúrà. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, iyán ọ̀sán pẹ́. Bàbá mi, àbúrò rẹ̀ àti àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì mélòó kan jókòó sí pálọ̀, Ìyá Àgbà sì wà lórí ẹní rẹ̀. A ṣàdédé gbọ́ ikọ́ kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ṣáà, ṣáà, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀pá ń dún tẹ̀lé e. Ìyá Kékeré ló wọlé. Ó wọ bùbá àti fìlà Bàbá Àgbà, ó mú ọ̀pá rẹ̀ dání, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń dà láàmú. Bàbá mi fò dìde. Mi ò rí i kó bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Kó tó la ẹnu, Ìyá Kékeré na ọ̀pá sí i, ohùn Bàbá Àgbà gan-an ló sì fi sọ̀rọ̀: "Ọmọ yìí, jókòó! Ṣé èmi lo fẹ́ bá jà?"

Bàbá mi jókòó. Mo rò pé ó ti jókòó tán kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Ìyá Kékeré wá yíjú sí ibi ẹní. Ó húkọ́. Ó ní, "Ṣé iṣu náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ gbìn?"

Ìyá Àgbà yíjú kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Ó wo fìlà, ó wo ẹsẹ̀, ó wo ojú. "Ó ti ta o," ló wí. "Ẹ̀yin la ń retí kí ẹ wá wa á." Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, kò sì pẹ́ tó fi di ẹkún, irú ẹkún tí a ti ń retí láti ọjọ́ ìsìnkú. Ìyá Kékeré ju ọ̀pá sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn. Bàbá mi yọ awò ojú rẹ̀, ó fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun. Àwọn alàgbà kò mọ ibi tí wọn ì bá wò. Nígbà tí Ìyá Àgbà nu ojú tán, ó ní kí ẹnì kan lọ wo iyán ọ̀hún, ebi ń pa òun. Ó jẹun lọ́jọ́ náà, ó sì tún bá wa gbé fún ọdún púpọ̀.

Nǹkan ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò sọ pé ẹ̀rín ti tán láyé. Ní Lokongoma tí mo ń gbé báyìí, ẹ̀rín wà nínú fóònù gbogbo èèyàn. Kálukú á ti okùn bọ etí, á máa dá rẹ́rìn-ín ní igun tirẹ̀, mi ò ní mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ọmọ wa háyà aláwàdà kan wá síbi àpèjẹ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó fi àwọn olóṣèlú ṣẹ̀fẹ̀, ó fi àwọn ọlọ́kadà àdúgbò Gadumo ṣẹ̀fẹ̀, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ ọkọ mi. Kò mọ bó ṣe máa ń sùn lọ fọnfọn nídìí rédíò, tí á sì ta jí láti sọ pé òun ń gbọ́ ọ bí ẹnikẹ́ni bá pa rédíò náà. Mo jókòó sáàárín ẹ̀rín yẹn, àárò rẹ̀ ń sọ mí. Nígbà tí àlejò lọ tán, ilé dákẹ́, gbogbo wọn sì ń bọ̀wọ̀ fún mi.

Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi gbé. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ "Mà" ló ń pè mí, ó sì ń bẹ̀rù mi. Lóṣù tó kọjá, mo sọ ìtàn Ìyá Kékeré fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó gbọ́ ọ dópin, ó kàn ní, "Ẹ ṣé, Mà." Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń lọ ká aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé, mo bá yíjú padà lójijì. Òun ló wà lẹ́yìn mi. Ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń tiro bí mo ṣe ń tiro, ó tilẹ̀ ń ráhùn wúyẹ́wúyẹ́ bí mo ṣe ń ráhùn. Bí ojú wa ṣe ṣe mẹ́rin, ẹ̀rù bà á, ó kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ má bínú, Mà."

Mo ti dàgbà, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀ mọ́. Mo ní kó dìde.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn mí, kì í ṣe òsì. Tún un ṣe."