Ariwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọlọ́kadà

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lu ọlọ́kadà kan pa lójú mi ní Ẹfọ̀n lónìí.

Màmá kan pariwo mọ́ ọn. Làwọn èèyàn bá sáré jáde pẹ̀lú igi: "Olè náà dà?"

Mo bọ́ sáàárín wọn. "Màmá, kí ló jí gan-an?"

"Ta ló sọ pé ó jalè? Ọ̀lẹ ni mo pè é! Ó ní ọ̀kadà òun ò lè gun òkè."

Wọ́n sọ igi sílẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Nígbà náà, bí ẹnìkan bá figbe ta, dandan ni kí aládùúgbò jáde. Ẹni tó bá figbe ta lásán á san owó ìtanràn.

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ṣé màmá ló máa san án, àbí àwọn onígi?