Ìdérí Orí Àdògán

Tí mo bá ti gbọ́ ìró ìdérí irin, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ Oǹdó ni. Ilé kan náà la jọ gbé nílùú Àkúrẹ́, nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, tí owó oṣù àwọn ọkọ wa kì í sì í tètè wọlé. Bó bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ báyìí, á fi ìdérí ìkòkò ńlá dé àdògán èédú rẹ̀ pa, iná á sì kú. Láàárọ̀, á gbọn eérú kúrò lára èédú àná, á da tuntun díẹ̀ lé e. Àpò èédú tèmi á ti tán, tirẹ̀ á ṣì kù dáadáa.

"Ìyàwó, iná tó ti se oúnjẹ tán, jẹ́ kó lọ sùn," ló máa ń wí fún mi.

Ọkọ mi á nawọ́ sí i, á ní, "Ṣé o rí ìyàwó wa?"

Mo rí i. Ó ti sú mi í rí.

Lọ́jọ́ kan, èmi náà fẹ́ ṣọ́ èédú lò. Mo bu omi pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo dáná sí i, èéfín lé gbogbo ilé síta. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò bú mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó kó èédú gbígbẹ tirẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ tèmi, ó fẹ́ ẹ títí ó fi ràn. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ti kó padà sí Oǹdó. Lánàá, mo sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí èédú tí èmi fúnra mi dé pa. Ọkọ mi bù ú jẹ, ó mi orí.

"Àfi bíi ti ìyàwó wa," ló wí.

Mo gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì jẹ ẹ́ tán.