Kásẹ́ẹ̀tì Mi, Ẹnu Rẹ̀

Èmi ni mo ra kásẹ́ẹ̀tì àgbà olórin ráàpù kan báyìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná. Onígbàjámọ̀ tí a jọ ń gbélé ní Àkúrẹ́ kàn máa ń yá a ni, láyé ìgbà tí nǹkan le, tí kò síná. Á sá bátìrì sóòrùn kó lè tún lágbára díẹ̀, á sì fi bírò yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn kí bátìrì má baà tètè kú. Bí mo bá ń gbe ègbè orin àgbà olórin ráàpù yẹn, á rẹ́rìn-ín:

"Brọ̀dá, gbogbo ayé ló mọ ègbè. Ẹsẹ kejì ni kẹ́ ẹ gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ta mí lára. Kásẹ́ẹ̀tì ta ni?

Nígbà tí olórin náà wá ṣeré ní Oǹdó, àwa méjèèjì la jọ lọ, iwájú pátápátá la sì dúró sí. Láàárín orin, àgbà olórin gbàgbé ọ̀rọ̀, ó sì na máíìkì sí mi. Ègbè nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Onígbàjámọ̀ bá gba máíìkì, ó ka ẹsẹ kejì láìṣì í. Ni olórin bá ṣí fìlà tirẹ̀, ó dé e fún un.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọkọ̀ ló jókòó sí pẹ̀lú fìlà náà lórí. Títí a fi dé Àkúrẹ́ ni mo ń gbàdúrà kí atẹ́gùn gbé e lọ.